Kọ̀ǹpútà Ń Sọ̀rọ̀, Ta Ló Ń Gbọ́? Ìtàn Console àti Terminal Emulator

Bó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ kú ọ̀nà o. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń kà á nítorí pé dátà yín ò tó gbọ́ ohùn, ẹ kú ìfaradà. Torí yín la ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìtàn tòní dá lórí nǹkan tí gbogbo wa ti rí nínú fíìmù. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, lẹ́tà funfun tàbí aláwọ̀ ewé ń sáré lórí rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń lò ó láti fi hàn pé olè ni ọmọ náà. Nǹkan tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun èlò olè rárá. Terminal emulator ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ilẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn tí èèyàn lè gbà wọlé sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn yòókù bá ti tì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ẹgbẹ́ náà ní ọ́fíìsì kékeré lókè ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà kan sì wà ní igun yàrá náà tí kò ní mọ́ńítọ̀, tí kò ní kíbọ́ọ̀dù. Inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà: iye tí kálukú fi pamọ́, iye tí kálukú yá, iye tó kù tí wọn ò tíì san. Láti orí láptọ́ọ̀pù ni àwọn akọ̀wé ti ń bá a ṣiṣẹ́, nípasẹ̀ Wi-Fi. Lọ́jọ́ kan, iná lọ, iná dé, ó tún lọ, nígbà tó sì máa padà dé, agbára tó fi dé kọjá sísọ. Láti ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kankan kò rí i. Wọ́n gbé mọ́ńítọ̀ wá láti fi wò ó, òkùnkùn ni. Ibi tí wọ́n ń ki wáyà mọ́ńítọ̀ bọ̀ ti jó. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní sí ibòmíì sì ti lé ní oṣù mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ pín owó òpin ọdún. Ẹ̀yin tí ìyá yín bá ń ṣòwò lọ́jà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá mi ò sùn. Ó ń ka orúkọ àwọn tó fi owó síbẹ̀ sí mi létí bí ẹni tó ń ka orúkọ òkú.

Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló wá bá wa wò ó. Kò tú nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan iná fóònù sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó rí ojú ihò kékeré kan tó ní irin tíńtìntín mẹ́sàn-án, ó bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń sọ̀rọ̀, àwa la ò gbọ́."

Màá parí ìtàn yẹn kí a tó kúrò níbí. Ṣùgbọ́n kó lè yé wa, a ní láti padà sẹ́yìn.

Kí ni console? Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, kọ̀ǹpútà tóbi bíi yàrá. Console ni tábìlì tí ẹni tó ń darí rẹ̀ ń jókòó sí, tó kún fún bọ́tìnnì àti iná wínníwínní. Ibẹ̀ ló ti ń tan ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ló ti ń dá a dúró, ibẹ̀ náà ló ti ń rí i bí nǹkan bá bàjẹ́. Tí ẹ bá ronú nípa ààfin, àlejò pọ̀ nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló lè sọ fún ọba pé "Kábíyèsí, ẹ dìde." Ibẹ̀ ni console.

Iná àti bọ́tìnnì ò rọrùn kà. Àwọn ẹlẹ́rọ bá wá nǹkan tó lè tẹ lẹ́tà, wọn ò sì lọ jìnnà. Ẹ̀rọ kan ti wà tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti iléeṣẹ́ ìròyìn ń lò láti fi ìwé ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn: teletype. Ó ní kíbọ́ọ̀dù, ó ní bébà tó ká bíi ti tísù. Lẹ́tà tí o bá tẹ níbí yóò gba orí wáyà lọ, yóò sì tẹ ara rẹ̀ sórí bébà lọ́hùn-ún. Ní 1963, Teletype Corporation ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n pè ní Model 33 jáde. Kò wọ́n bíi ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó sì ń lo ASCII, ìyẹn òǹkà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó jáde ní ọdún yẹn kan náà. Ẹnu ọ̀nà àwọn kọ̀ǹpútà kékeré ṣí sílẹ̀ fún un. Nígbà tí iléeṣẹ́ DEC gbé PDP-8 jáde ní 1965, Model 33 ló wọ́pọ̀ jù lọ gẹ́gẹ́ bí console rẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ náà yá o. Lẹ́tà 10 péré ló lè tẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà ńlá nìkan ló mọ̀. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti ọjọ́ pẹ́ láìrí epo. Ọ̀rọ̀ tó kún ojú láptọ́ọ̀pù kan lónìí yóò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé: gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ló wà lórí bébà. Bí ẹ̀rọ bá ṣubú lóru, òṣìṣẹ́ tó bá dé láàárọ̀ yóò ya bébà náà, yóò sì ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ kó tó dákú.

Ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí operating system kan, ìyẹn sọ́fúwíà àgbà tó ń darí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Unix ni wọ́n wá sọ ọ́. Orí PDP-7 tó ti gbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, teletype ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí Unix fi ń pe gbogbo ibi tí èèyàn ti ń bá a sọ̀rọ̀ ní tty, ìkékúrú teletype. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé torí bí teletype ṣe falẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ sì le ni àṣẹ Unix fi kúrú: ls, cp, mv, rm. Ta ló fẹ́ máa tẹ ọ̀rọ̀ gígùn lórí nǹkan tó ń dùn ún ní ìka?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tty yẹn sọ́kàn. Yóò padà wá.

Nígbà tó yá, gíláàsì rọ́pò bébà. Ní àwọn ọdún 1970, ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù gba ipò teletype. Èyí tó lókìkí jù lọ ni VT100 tí DEC gbé jáde ní 1978: ìlà 24, lẹ́tà 80 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà gidi. Kò lè dá ṣe ìṣirò kankan fún ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba lẹ́tà láti orí wáyà, kó fi hàn, kó sì fi èyí tí o bá tẹ̀ ránṣẹ́ padà. Ṣùgbọ́n torí pé gíláàsì kì í ṣe bébà, wọ́n ní láti wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi sọ fún un pé "nu ojú rẹ mọ́" tàbí "lọ sí ìlà karùn-ún." Wọ́n bá ṣètò àwọn àmì àkànṣe kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 27, èyí tí wọ́n ń pè ní Escape. Tí VT100 bá rí Escape, ó mọ̀ pé ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òun yóò tẹ̀ jáde, àṣẹ ni. Ìlànà tí gbogbo iléeṣẹ́ lè jọ lò ni VT100 tẹ̀ lé, ó sì tà wàràwàrà. Bó ṣe di pé èdè VT100 di èdè gbogbo ayé nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ wo ìyàtọ̀ kan. Kọ̀ǹpútà ńlá kan lè ní terminal ogún, tàbí ọgọ́rùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí wọn, àwọn akọ̀wé jókòó sí wọn. Console kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn tí a yàn sọ́tọ̀. Òun ni kernel, ìyẹn ọkàn operating system, ń bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀, kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orí console ló ti ń ké pé "mo rí mẹ́mọ́rì báyìí, mo rí dísìkì báyìí." Bó bá sì fẹ́ kú, orí console ló máa ń sọ ohun tó pa á. Terminal lè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di console mú ló di ẹ̀rọ náà mú.

Ìbéèrè wá ni pé, nígbà tí VT100 fúnra rẹ̀ di ohun àtijọ́, ta ló gba iṣẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ eégún. Bàbá ńlá ti lọ, a ò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé ẹ̀kú wọ̀, ó yí ohùn padà, ó jáde sójú agbo, gbogbo wa sì ń kí i bí ẹni ń kí ará ọ̀run. Terminal emulator nìyẹn. Sọ́fúwíà ni. Ó gbé ẹ̀kú VT100 wọ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà lódì kejì wáyà kò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ onígíláàsì ti 1978 ni òun ń bá sọ̀rọ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀. Ó ń ránṣẹ́ Escape, emulator ń tẹ̀ lé e. Ó ń ránṣẹ́ nọ́ńbà 7, tó máa ń lu aago irin nínú teletype láyé àtijọ́, emulator ń dún "píìn", tàbí kí fóònù rẹ gbọ̀n.

Iṣẹ́ console gan-an wà lára ohun tó sọ ẹ̀kú yìí di dandan. Nígbà tí DEC gbé VAX-11/780 jáde ní 1977, wọ́n fi odindi kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn, LSI-11, sínú rẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ console. Òun ló ń jí ẹ̀rọ ńlá náà lójú oorun, òun ló sì ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó sídìí terminal. Nígbà tó fi máa di 1986 tí VAX 8800 dé, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí DEC ń tà, Professional 380, ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí console. Ẹ rí i pé nǹkan ti yí padà. Láyé àtijọ́, ẹ̀rọ tó gọ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ tó gbọ́n. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà.

Ní àwọn ọdún yẹn, emulator ń pọ̀ sí i. Ní 1981, Yunifásítì Columbia ní New York ṣe Kermit, wọ́n fi orúkọ àkèré inú tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ń fara wé terminal, ó sì ń gbé fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ní 1984, xterm bẹ̀rẹ̀, ó ń fara wé VT102, àbúrò VT100. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ojú dúdú tí ẹ bá ṣí lórí láptọ́ọ̀pù ló máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé "xterm ni mí."

Ní January 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, ra kọ̀ǹpútà tuntun. Linus Torvalds lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 21 ni. Ó fẹ́ máa wọ inú kọ̀ǹpútà yunifásítì láti ilé, nípasẹ̀ wáyà tẹlifóònù. Emulator tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá jókòó, ó kọ tirẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni sọ́fúwíà náà ń ṣe ní àsìkò kan náà: ọ̀kan ń gba lẹ́tà láti orí kíbọ́ọ̀dù lọ sórí wáyà, èkejì ń gba lẹ́tà láti orí wáyà wá sójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ó fẹ́ kó lè gba fáìlì sílẹ̀. Fáìlì nílò dísìkì, dísìkì nílò ètò tí yóò máa to fáìlì sórí rẹ̀. Ó ń kọ́ ọ lọ, kó tó mọ̀, emulator ti di operating system. Ní 25 August 1991, ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Linux nìyẹn. Kernel Linux ló wà lábẹ́ Android tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín. Kí WhatsApp yín lè ṣí láàárọ̀ yìí, ọmọ kan ní láti bínú sí terminal emulator ní 1991.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Wáyà mẹ́ta péré ló ṣe kókó nínú ihò onírin mẹ́sàn-án yẹn: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń gbọ́, ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ wáyà náà lágbèéléèbù, kí ẹnu ti ibí lè kan etí ti ọ̀hún. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí Wi-Fi. Ohun tí àwọn méjèèjì ní láti jọ fẹnu kò sí ni bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yá tó. Èyí tó wọ́pọ̀ ni 9600, tó jẹ́ lẹ́tà bíi 960 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan bá ń yá ju èkejì lọ, wótowòto ni wàá máa rí. Torí pé nǹkan náà kéré tó báyìí, kernel lè lò ó nígbà tí kò tíì mọ nǹkan mìíràn ṣe, ó sì tún lè lò ó nígbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wọ́, bí ojú ẹ̀rọ bá fọ́, àgbà onírin mẹ́sàn-án ṣì wà lọ́jà.

Agbára yìí ní ewu tirẹ̀. Àwọn tó lo ẹ̀rọ Sun ní àwọn ọdún 1990 mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí o bá yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò lára ẹ̀rọ Sun kí o tó tàn án, ihò onírin ni yóò fi ṣe console. Àmì kan sì wà tí wọ́n ń pè ní BREAK: tí wáyà bá wà ní ipò kan ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ Sun gbà pé ọ̀gá rẹ̀ ní kó dúró. Yóò dá gbogbo iṣẹ́ dúró, yóò kọ "ok", yóò sì máa retí àṣẹ. Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń fa BREAK? Kí ẹnì kan kàn pa terminal tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ fẹ́ fi iná pamọ́ nírọ̀lẹ́, ó pa ojú ẹ̀rọ, odindi ilé iṣẹ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fàyè gbà á kí èèyàn lè fi àmì mẹ́ta tí a dìídì tẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn rọ́pò BREAK, kí àṣìṣe má baà máa pa ẹ̀rọ.

Ní ibi tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí bí àgbàdo lóko, wọ́n ní àpótí kan tí gbogbo wáyà console máa ń wọ inú rẹ̀, 16 tàbí 48. Òṣìṣẹ́ lè jókòó sílé, kó gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ tó bá wù ú. Ìlànà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí o máa gbà dé àpótí yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan náà tí ẹ̀rọ ń gbà ṣiṣẹ́. Ìwọ náà kì í fi kọ́kọ́rọ́ kejì sínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ń ṣí.

Ẹ rántí 4 October 2021? Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, Facebook, WhatsApp àti Instagram lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń pa dátà, a ń tàn án, a ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa láìṣẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àṣẹ kan tí wọ́n pa nígbà iṣẹ́ àtúnṣe gé gbogbo ọ̀nà tó so àwọn ilé kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Nígbà tí Facebook ṣàlàyé lẹ́yìn náà, wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn fúnra àwọn ń gbà wọlé ti lọ, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó gbà wọ́n náà sì ti lọ. Wọ́n ní láti rán àwọn ẹlẹ́rọ lọ síbẹ̀ fúnra wọn. Ààbò ibẹ̀ sì le gan-an, ó gba àkókò kí wọ́n tó wọlé. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ilé iṣẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, ó di pé kí èèyàn dúró síwájú ẹ̀rọ.

Ọdún yẹn kan náà ni Amazon fún àwọn tó ń yá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn láyè láti ṣí console láti inú bíráúsà. Ẹ fojú inú wò ó: kọ̀ǹpútà tí kò sí ní gidi, wáyà tí kò sí ní gidi, terminal tí kò sí ní gidi. Gbogbo wọn ń fara wé nǹkan tó ti kú, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó há ń jáde nínú ìhá.

Fóònù ńkọ́? Ẹ lè gba Termux sórí Android, ẹ ó sì rí ojú dúdú. Terminal emulator gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe console fóònù yín. Sọ́fúwíà lásán ló ń bá sọ̀rọ̀, kò bá kernel sọ̀rọ̀ ní tààrà. Console fóònù wà, àmọ́ wọ́n fi pamọ́ ni. Lára Nexus 4 tó jáde ní 2012, ihò tí ẹ ń ki ìgbọ́rọ̀ etí bọ̀ lè di console tí ẹ bá ki wáyà tó yẹ bọ̀ ọ́. Ibi tí ẹ ti ń gbọ́ orin, kernel lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mo ní màá parí ìtàn ẹgbẹ́ ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n yẹn mú wáyà jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó kì í bọ ihò onírin mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ tan láptọ́ọ̀pù rẹ̀, bátìrì ti kú, iná sì ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ kò gbé ju kọ̀ǹpútà yẹn lọ. Ló bá yọ fóònù rẹ̀. Ó fi okùn kékeré kan so wáyà náà mọ́ ọn, ó ṣí app kan. Ojú dúdú. Ó tẹ Enter. Wótowòto ló jáde, bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Ó ní, "Rárá, ó ń yára jù mí lọ ni." Ó yí nọ́ńbà kan padà sí 115200, ó tún tẹ Enter.

Ọ̀rọ̀ jáde, ó mọ́ kedere. Kọ̀ǹpútà náà ní òun ti jí, dísìkì òun ní àbùkù díẹ̀ nítorí bí iná ṣe lọ, kí ẹnì kan tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kó lè bá òun tún un ṣe. Láti ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń béèrè nǹkan kan ṣoṣo yẹn, nínú òkùnkùn, lójú ihò tí ẹnikẹ́ni kò fetí sí.

Akọ̀wé àgbà mú ìwé kékeré kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́, ó pàṣẹ kí ẹ̀rọ yẹ dísìkì wò. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ìyá mi dúró lẹ́yìn wa, ó ń ka lẹ́tà tó ń kọjá lójú fóònù bí ẹni tó gbọ́ èdè náà. Nígbà tí ó jí padà, gbogbo àkọsílẹ̀ pé. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ṣe ni pé ó ṣe ẹ̀dà wọn síta. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pín owó.

Lẹ́yìn náà, mo bi í léèrè bó ṣe mọ̀ pé ihò yẹn yóò sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ihò lásán kò tó, ẹni tó kọ́kọ́ to kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ti kọ ìlà kan síbi tí kernel ti ń gba àṣẹ nígbà tó bá ń jí. Ó fi hàn mí lójú fóònù: console=ttyS0. Ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò ní iṣẹ́ náà tipẹ́, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀. Kò sì sí ohun tó ní kó kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí nígbà náà, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: tty. Teletype. Ẹ̀rọ aláriwo ti 1963, tó ń tẹ lẹ́tà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìlà tó gba owó àwọn ìyá ọlọ́jà là.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ kékeré kan ní igun yàrá, ẹ kọ ìlà yẹn lónìí kí iná tó lọ. Kó wáyà kan wà nílé. Ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ sì tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà síbi tí ẹlòmíì lè rí i nígbà tí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ ìtàn ibi tí kíbọ́ọ̀dù orí fóònù ti wá. Títí dìgbà náà, ó dàbọ̀ o.